Ìtẹ́nú wo ló yẹ rọ́bà ẹ̀rọ ọkàn-òun-ẹ̀dọ̀fóró? Ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ yàn

Iṣan ẹ̀jẹ̀ wa ní awọ tín-ín-rín kan nínú, endothelium lorúkọ rẹ̀. Òun ló ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa ṣàn láìdì. Ike kò ní irú ẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá so aláìsàn mọ́ ẹ̀rọ tó ń bá ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ṣiṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á jáde kúrò lára, á gba inú rọ́bà PVC, á wọ oxygenator, ohun tó ń fi ọ́síjìn sínú ẹ̀jẹ̀, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún okùn oníhò tí wọ́n fi ike polypropylene ṣe kún inú rẹ̀, kó tó padà sára. Bí a bá tú okùn inú oxygenator àgbàlagbà kan ká, ó lè fẹ̀ tó 2 m². Gbogbo ojú ike yẹn ni ẹ̀jẹ̀ ń fara kàn, léraléra, títí iṣẹ́ abẹ á fi parí.

Ohun tó ń tẹ̀lé e kì í pẹ́. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, purotéènì inú ẹ̀jẹ̀, pàápàá fibrinogen, ti lẹ̀ mọ́ ike. Platelet, sẹ́ẹ̀lì kékeré tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì, á rí fibrinogen yẹn, òun náà á lẹ̀ mọ́ ọn. Factor XII, ọ̀kan lára àwọn purotéènì tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, á jí, á sì jí àwọn tó tẹ̀ lé e títí yóò fi kan thrombin, èyí tó ń sọ fibrinogen di ẹ̀jẹ̀ dídì. Complement, àwọn purotéènì tó ń gbèjà ara, náà á dìde, á tú C3a àti C5a sílẹ̀, àwọn ló sì ń pe sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun síjà. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ abẹ fi lè yọrí sí rere kí ẹ̀dọ̀fóró aláìsàn sì wú, tàbí kí ẹ̀jẹ̀ má dá níbi tó yẹ kó ti dá, nítorí platelet ti dín kù, àwọn tó ṣẹ́kù ò sì lágbára mọ́.

Heparin ni kò jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì pátápátá nínú ẹ̀rọ náà. Jay McLean ló kọ́kọ́ kó ohun tó di heparin jáde ní Johns Hopkins ní 1916, òun sì ni John Gibbon ní lọ́wọ́ ní Philadelphia ní oṣù karùn-ún 1953, nígbà tó fi ẹ̀rọ yìí ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn àkọ́kọ́ tó yọrí sí rere. Títí dòní, 300 sí 400 unit fún kìlógíráàmù kọ̀ọ̀kan ni ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ń fún àgbàlagbà, wọn kì í sì í tan ẹ̀rọ títí ACT, ìyẹn àkókò tí ẹ̀jẹ̀ fi ń dì nínú àyẹ̀wò, á fi kọjá bíi 480 ìṣẹ́jú àáyá. Ṣùgbọ́n heparin inú ẹ̀jẹ̀ kò dí ìfarakanra lọ́wọ́. Ó ń ran antithrombin lọ́wọ́ láti mú thrombin tó ti jáde ni, kò ní kí fibrinogen má lẹ̀ mọ́ ike, kò sì ní kí complement máa sùn. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ìtẹ́nú ti bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ohun tí ilé iṣẹ́ ń tẹ́ sí ojú ike kí ẹ̀jẹ̀ má baà kàn án ní tààrà.

Kí n ti sọ ọ́ báyìí kí ẹnikẹ́ni má baà retí ohun tí kò sí: nínú gbogbo ìtẹ́nú tí mo fẹ́ dárúkọ, kò sí èyí tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ heparin inú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá ní kí ẹ ra tòun kí ẹ lè gé heparin sí ìdajì, ọjà ló ń tà.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Kí ẹ tó wo orúkọ ilé iṣẹ́ kankan, ẹ kọ́kọ́ bèèrè bí ẹ̀jẹ̀ ṣe máa pẹ́ tó nínú ẹ̀rọ. Wákàtí méjì lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ yàtọ̀ pátápátá sí ọ̀sẹ̀ méjì lórí ECMO, irú ẹ̀rọ yìí tí wọ́n ń lò fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ìtẹ́nú tó dára fún wákàtí méjì lè ti ṣí kúrò kí ọjọ́ kejì tó pé.

Lẹ́yìn náà, ta ni aláìsàn? Àgbàlagbà tó wọ̀n 70 kg ní ẹ̀jẹ̀ tó tó lítà márùn-ún. Ọmọ tuntun tó wọ̀n 3 kg kò ní ju nǹkan bíi 250 ml lọ. Ojú ike tí ẹ̀jẹ̀ kékeré yẹn máa kàn pọ̀ ju ti àgbàlagbà lọ fíìfíì bí a bá fi wé iye ẹ̀jẹ̀ tó wà, nítorí náà ohun tí àgbàlagbà lè fara dà lè wó ọmọ ọwọ́ mọ́lẹ̀. Ẹ bèèrè pẹ̀lú bóyá aláìsàn ní HIT, àìsàn tí heparin ń fà tí platelet fi ń já wálẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ọjọ́ karùn-ún sí ìkẹwàá tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún un. Ohun tó ń ya èèyàn lẹ́nu nínú rẹ̀ ni pé platelet ń dín kù, síbẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ń dì kiri inú ara. Ìfun ẹlẹ́dẹ̀ sì ni wọ́n ti ń rí èyí tó pọ̀ jù nínú heparin ayé. Aláìsàn tí ẹ̀sìn rẹ̀ kọ ẹlẹ́dẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti gbọ́ ìyẹn ṣáájú, kó má jẹ́ ẹ̀yìn iṣẹ́ abẹ ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀.

Ìyókù jẹ́ ti ọjà fúnra rẹ̀. Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ ni, àbí ó kàn ń fara pa mọ́ fún ẹ̀jẹ̀? Ṣé ó lẹ̀ dáadáa, àbí ó ń jò? Ibo ni wọ́n tẹ́ ẹ dé? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ni àwọn èèyàn máa ń fò. Wọ́n lè kọ orúkọ ìtẹ́nú gàdàgbà sára páálí, kó sì jẹ́ pé oxygenator nìkan ni wọ́n tẹ́, tí rọ́bà, kánúlà (ọ̀pá tó ń wọ inú iṣan), asẹ́ àti ike tí ẹ̀jẹ̀ ń kó jọ sí wà lásán bí wọ́n ṣe ti ilé iṣẹ́ jáde.

Ike lásán, pẹ̀lú albumin nínú omi àkọ́kún

Èyí ni owó rẹ̀ kéré jù, kì í sì í ṣe ìranù. Kí ẹ̀jẹ̀ tó wọ ẹ̀rọ, omi ni a fi ń kún un. Bí a bá da albumin, ọ̀kan lára purotéènì inú ẹ̀jẹ̀, sínú omi yẹn tí a sì jẹ́ kó yí ká fún ìgbà díẹ̀, albumin á lẹ̀ mọ́ ojú ike. Albumin kò ní ibi tí platelet lè dì mú bíi ti fibrinogen, nítorí náà ẹ̀jẹ̀ tó bá dé lẹ́yìn rẹ̀ bá ojú tó rọ̀ díẹ̀ pàdé.

Àléébù rẹ̀ ni pé kò sí ohun tó so ó mọ́lẹ̀. Leo Vroman ti fi hàn pé purotéènì tó kọ́kọ́ dé ojú ohun àjèjì kì í pẹ́ níbẹ̀, èyí tó fẹ́ràn ojú náà jù ú lọ á dé, á lé e kúrò. Bí iṣẹ́ bá ti ń pẹ́, fibrinogen àti àwọn mìíràn á máa gba ipò albumin.

Ibi tí ẹ ti lè rí àǹfààní albumin pẹ̀lú ojú yín ni ara géèjì. Perfusionist, ẹni tó ń darí ẹ̀rọ náà, máa ń wo ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ níwájú oxygenator àti lẹ́yìn rẹ̀. Pẹ̀lú oxygenator tí wọn kò tẹ́ nǹkan kan sí, ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà mìíràn pé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀, géèjì iwájú á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, gòkè, ti ẹ̀yìn á sì dúró síbi tó wà. Àyà á já gbogbo èèyàn. ACT dára, heparin tó, síbẹ̀ nǹkan ń dí ọ̀nà: fibrinogen àti platelet ló ti bo ojú okùn àti ojú irin tó ń mú ẹ̀jẹ̀ gbóná tàbí tutù. Ó sábà máa ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti di dandan rí fún àwọn kan láti pààrọ̀ oxygenator láàárín iṣẹ́, ohun tí kò sí ẹni tó fẹ́ ṣe pẹ̀lú ọkàn tó dúró jẹ́ẹ́. Albumin nínú omi àkọ́kún ń dín in kù. Ìtẹ́nú gidi ń dín in kù jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Heparin tí wọ́n tẹ́ sínú ike

Èyí ló pẹ́ jù, òun sì ni wọ́n ti ṣe ìwádìí lé lórí jù. Vincent Gott àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà náà ní 1963. Wọ́n fi graphite bo ike, wọ́n fi benzalkonium lé e, wọ́n wá so heparin mọ́ ọn. Ó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n agbára iná tó wà láàárín àwọn nǹkan náà nìkan ló dì wọ́n mú. Ìran rẹ̀ tó dé ẹ̀rọ ọkàn, irú Duraflo II, ní ìwà kan náà: ẹ̀jẹ̀ ń fọ heparin kúrò lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí òjò ṣe ń fọ ọ̀dà ògiri. Fún iṣẹ́ kúkúrú, kò burú. Fún èyí tó bá gùn, mi ò ní fọkàn tán an.

Àwọn ará Sweden ló tún un ṣe ní nǹkan bí 1983, Olle Larm, Rolf Larsson àti Per Olsson. Dípò kí wọ́n jẹ́ kí heparin kàn fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sórí ike, wọ́n gé e, orí kan ṣoṣo ni wọ́n sì fi kàn án mọ́lẹ̀ pinpin, tí ìyókù ń fẹ́ lẹ̀lẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Níbi tó ń fẹ́ yẹn ni apá tí antithrombin ń dì mú wà. Bí antithrombin bá dé, á ṣiṣẹ́ lórí thrombin, á kúrò, òmíràn á gba ipò rẹ̀, heparin náà kò sì ní ṣí. Òun ni wọ́n ń tà ní Carmeda. Bioline gba ọ̀nà tó fara jọ ọ́, albumin ní ìsàlẹ̀, heparin lórí. Trillium ní tirẹ̀ fi heparin sáàárín polyethylene oxide tó ń fa omi mọ́ra àti sulfonate tí agbára iná rẹ̀ jọ ti ògiri iṣan.

Kí ni àǹfààní rẹ̀ lára èèyàn? Ní yàrá àyẹ̀wò, kò sí àríyànjiyàn: complement tó ń dìde dín kù, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kì í bínú tó bẹ́ẹ̀, platelet tó ń là á já pọ̀ sí i. Lórí ibùsùn aláìsàn, nígbà tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ ìwádìí pọ̀, wọ́n rí i pé ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fà sára dín kù díẹ̀, àkókò tí aláìsàn ń lò lórí ẹ̀rọ mímí àti ní ICU, yàrá ìtọ́jú àkànṣe, náà sì dín kù díẹ̀. Lórí ikú àti àrùn rọpárọsẹ̀, kò sí ìyàtọ̀ tó ṣe kedere. “Díẹ̀” yìí kì í ṣe nǹkan kékeré fún ilé ìwòsàn tí ẹ̀jẹ̀ ti ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu.

Òun ló sábà máa ń wọ́n jù, nítorí ìpele tí wọ́n ń gbà ṣe é pọ̀. Bí aláìsàn bá sì ní HIT, ẹ má fọwọ́ kàn án. Heparin kékeré tó wà lára ike tó láti dá ìjà náà sílẹ̀.

Phosphorylcholine

Ọgbọ́n tibí yàtọ̀. Kò bá ẹ̀jẹ̀ jà rárá, ó kàn ń díbọ́n pé sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa lòun. Ojú ìta sẹ́ẹ̀lì pupa kún fún ọ̀rá kan tí orí rẹ̀ ní agbára iná pósítíìfù àti nẹ́gátíìfù, tí méjèèjì sì pa ara wọn rẹ́, omi á wá rọ̀gbà yí i ká. Purotéènì kò rí ibi tó máa gbá mú. Dennis Chapman ní London ló ronú rẹ̀ pé bí ike bá ní orí kan náà, ẹ̀jẹ̀ á rò pé ará ilé ni. Wọ́n ti fi ọ̀nà yìí bo stent, ọ̀pá kékeré tó ń la iṣan, wọ́n sì fi ṣe gíláàsì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹyinjú. Nínú ẹ̀rọ ọkàn, Phisio ni orúkọ tí ọ̀pọ̀ mọ̀ ọ́n sí.

Kò ní heparin nínú, kò ní ohun tó wá láti ara ẹran, nítorí náà ìbéèrè HIT àti ti ẹlẹ́dẹ̀ kò yọ. Ó ń dáàbò bo platelet dáadáa. Ohun tí kò ní ni ọwọ́ tó lè mú thrombin. Bí thrombin bá ti jáde láti ibòmíràn, phosphorylcholine ò ní ṣe nǹkan kan sí i.

PMEA

Poly(2-methoxyethyl acrylate) ni PMEA dúró fún. Ilé iṣẹ́ Terumo ní Japan ló gbé èyí wọ ọjà ní X-Coating. Ike náà ni, tí omi kan tí kò dì mọ́ ọn pinpin, tí kò sì dá wà pátápátá, ń gbé ojú rẹ̀. Omi àárín yìí ló ń ṣe gbogbo ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà: fibrinogen tó bá dé kò rọ́nà lẹ̀ dáadáa, èyí tó bá lẹ̀ kò sì yí padà sí ìrísí tí platelet máa ń wá. Ojú rẹ̀ tún máa ń tutù, atẹ́gùn kékeré kì í fẹ́ dúró síbẹ̀, èyí tó mú kí fífi omi kún ẹ̀rọ yá. Perfusionist tó bá ti gbá oxygenator títí kí bọ́ọ̀lù atẹ́gùn tó kúrò mọ ohun tí mò ń sọ.

Kò nira láti ṣe, nítorí náà wọ́n lè tẹ́ ẹ dé gbogbo ibi láìná owó bíi ti heparin. Bí ẹ bá bi mí, fún iṣẹ́ abẹ ojoojúmọ́ lára àgbàlagbà, òun àti phosphorylcholine ló fún owó ní iye rẹ̀.

Àwọn ìtẹ́nú mìíràn tó ń fa omi mọ́ra, tí kò ní heparin

Balance jẹ́ Trillium tí wọ́n yọ heparin kúrò nínú rẹ̀: polyethylene oxide àti sulfonate ló kù. Softline náà wà ní ìdílé yìí. Ọ̀rọ̀ wọn kò gùn. Wọ́n ń ṣe irú iṣẹ́ tí PMEA ń ṣe, ohun tó sì máa ń pinnu láàárín wọn ni ilé iṣẹ́ tí oxygenator yín ti wá. Ó sàn kí ẹ mú oxygenator tí ọwọ́ yín mọ̀ pẹ̀lú ìtẹ́nú tó jẹ́ tirẹ̀, ju kí ẹ yí gbogbo ẹ̀rọ padà nítorí ìtẹ́nú.

Àwọn tuntun ń bọ̀. Ní 2014, àwọn tó wà ní Wyss Institute ní Harvard so omi perfluorocarbon mọ́ ojú ike débi pé nǹkan ń yọ̀ lórí rẹ̀, wọ́n sì fi rọ́bà bẹ́ẹ̀ sára ẹlẹ́dẹ̀ fún wákàtí 8 láìlo heparin. Àwọn mìíràn ń ṣe ike tó ń tú nitric oxide sílẹ̀ bí iṣan gidi ṣe ń ṣe. Ẹ máa wò wọ́n láti òkèèrè. Ẹni tó fẹ́ rajà lónìí kò tíì ní ohun tó máa bá wọn ṣe.

Ohun tí ìtẹ́nú ò lè ṣe

Kí ẹ tó náwó, ẹ wo ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn sínú àyà tí wọ́n là, tí rọ́bà ìfàmu ń fà padà sínú ẹ̀rọ. Ẹ̀jẹ̀ yẹn ti kan ẹran ara tí wọ́n gé, ó ti kó tissue factor, ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dì, ó ti kan atẹ́gùn, ọ̀rá ti wọ̀ ọ́. Thrombin tó wà nínú rẹ̀ pọ̀ ju èyí tí ojú ike máa dá sílẹ̀ lọ. Bí ẹ bá dà á padà bẹ́ẹ̀ sínú ẹ̀rọ, ìtẹ́nú tó wọ́n jù láyé ò lè gbà yín. Ẹ yà á sọ́tọ̀, ẹ fọ̀ ọ́ nínú ẹ̀rọ ìfọ̀jẹ̀ kó tó padà sára. Rọ́bà kúkúrú náà ń ṣèrànwọ́: ojú ike á dín kù, omi àkọ́kún á dín kù, ẹ̀jẹ̀ kò ní di olómi jù. Ilé ìwòsàn tó ṣe méjèèjì yìí pẹ̀lú ìtẹ́nú àárín á jàǹfààní ju èyí tó ra Carmeda tó sì ń da ẹ̀jẹ̀ àyà padà ní tútù.

Ta ló yẹ kó mú èwo

Àgbàlagbà tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn wákàtí kan sí mẹ́ta, tí kò ní ìtàn HIT: PMEA, phosphorylcholine tàbí Balance, èyíkéyìí tó bá bá oxygenator yín lọ.

Iṣẹ́ tó le tó sì gùn, bíi iṣẹ́ abẹ lẹ́ẹ̀kejì tàbí ti aorta, iṣan ńlá tó ti inú ọkàn jáde: heparin tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀ pinpin, bí owó bá wà. Duraflo àti àwọn tó jọ ọ́ kò yẹ níbẹ̀.

Ọmọ ọwọ́: ẹ tẹ́ gbogbo rẹ̀, láti orí kánúlà dé orí kánúlà, kó má ku ibì kan. Irú ìtẹ́nú wo ni kò ṣe pàtàkì tó bí ó ṣe dé ibi gbogbo, àti bí ẹ ṣe gé rọ́bà kúrú tó.

ECMO ọlọ́jọ́ gbọọrọ: èyí tí kì í ṣí kúrò nìkan. Heparin tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀ tàbí phosphorylcholine, lórí oxygenator onípolymethylpentene, nítorí okùn polypropylene lásán máa ń jẹ́ kí omi ẹ̀jẹ̀ jò wọ inú ihò rẹ̀ bí ọjọ́ bá ti ń gorí ọjọ́.

Aláìsàn HIT tí iṣẹ́ abẹ rẹ̀ kò lè dúró: kò gbọdọ̀ sí heparin níbì kankan, bẹ̀rẹ̀ láti ara ike dé omi tí ẹ fi ń fọ láìnì. Phosphorylcholine, PMEA tàbí Balance, pẹ̀lú bivalirudin, oògùn mìíràn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, dípò heparin. Ẹ rántí pé thrombin fúnra rẹ̀ ń jẹ bivalirudin, nítorí náà ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá ti dúró láìṣàn, ibẹ̀ ló máa dì. Kí rọ́bà ẹ̀gbẹ́ kankan má dúró láìṣí ìṣàn. Protamine, oògùn tí wọ́n fi ń pa iṣẹ́ heparin rẹ́, kò sì lè pa ti bivalirudin rẹ́, ara ló máa lé e jáde, ìdajì rẹ̀ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 25 bí kíndìnrín bá ń ṣiṣẹ́.

Ilé ìwòsàn tí owó rẹ̀ kò tó láti ra ìdì tí wọ́n tẹ́ látòkèdélẹ̀: ẹ fi owó tó wà sórí oxygenator tó ní ìtẹ́nú, nítorí ibẹ̀ ni ojú ike pọ̀ sí jù, ẹ da albumin sínú omi àkọ́kún fún ìyókù, ẹ sì sọ fún ẹni tó ń tajà pé kó kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ̀yà kan lẹ́yìn òmíràn, ibi tí wọ́n tẹ́ àti ibi tí wọn kò tẹ́, kí ẹ tó san kọ́bọ̀.